Aṣọ Tí Ajá Orogún Mi Ń Sùn Lé

Ajá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ajá mi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tèmi. Ajá orogún mi ni. Òun ló gbé e wá láti ilé bàbá rẹ̀ ní Agbamu, nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó wọ ilé ọkọ wa. Ọmọ ajá pupa ni, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wó lulẹ̀. Inú agbọ̀n ló gbé e sí, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

Ní ọ̀dọ̀ wa, èèyàn lè fi orúkọ ajá bá ọmọnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ń gún ọ lára, tí o kò sì lè kò ó lójú, o lè wá ajá, kí o fi ohun tó wà nínú rẹ sọ ọ́ lórúkọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìwọ yóò máa pe ajá rẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí yóò sì máa gbọ́. Kò lè bá ọ jà. Ajá ni o pè.

Orúkọ tí ìyàwó, orogún mi yìí, sọ ajá tirẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan tó ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kó lọ mu omi tútù lé e. N kò ní kọ ọ́ síbí bó ṣe jẹ́ gan-an. Gbogbo ẹni tó mọ ajá náà ló mọ orúkọ náà, ẹni tó bá sì mọ orúkọ náà yóò mọ ilé wa. Láti ọjọ́ tí nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí wa, n kì í fẹ́ kí àjèjì mọ ilé wa.

Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo sọ fún un pé ààrò ilé ìdáná jẹ́ tèmi, pé èmi ni mo mọ ọ́n, pé tó bá fẹ́ dáná, kó mọ tirẹ̀. Kò fèsì. Ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ó sì gbé èsì náà bọ̀ nínú agbọ̀n.

Nítorí náà, n kì í pe ajá náà lórúkọ. "Ìwọ" ni mo máa ń pè é, tàbí "ajá yìí". Nígbà tí inú bá bí mi, mo máa ń pòṣé sí i. Ó mọ òṣé mi bí ó ṣe mọ ohùn ìyàwó.

Abà wa wà ní ìhà Bàbáńlá, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí. Ẹ̀gẹ́ ni à ń gbìn, à sì ń yan gàrí. Ọkọ wa a máa kó gàrí náà lọ sí Òmù-Àrán ní ọjọ́ ọjà. Ilé alámọ̀ onípáànù ni ilé wa, yàrá mi ló wà níwájú, ti ìyàwó wà lẹ́yìn, ilé ìdáná dá dúró ní àgbàlá. Ajá náà dàgbà láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyàwó ló ń tọ̀. Tó bá lọ sí odò, ajá lọ sí odò. Tó bá ń bó ẹ̀gẹ́, ajá a gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi náà máa ń ju eegun sí i, n kì í ṣe ìkà. Á jẹ ẹ́, á lá ẹnu, á sì padà sí ìdí ìyàwó.

Ọkọ wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyálé," á ní, "o fún un ní eegun tó ju tàwa èèyàn lọ, síbẹ̀ kò sanwó ilé."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn."

Owú ọkọ kò ṣòro fún mi. Ìyá mi ní orogún méjì, mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé e. Èèyàn á gbé oúnjẹ rẹ̀ dáadáa, á wọ aṣọ tó mọ́, á sì jẹ́ kí ọjọ́ máa yí. Owú ajá ni kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo máa ń wo bó ṣe ń gbé orí sókè nígbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìrù rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀, eruku á máa sọ. Èmi lè wọlé kí n jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá, ojú nìkan ni yóò gbé.

Bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn nìyí. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ wa, fún àwọn ọmọ wa tí wọn kò sí nílé nígbà náà, fún pásítọ̀ wa, àti fún obìnrin nọ́ọ̀sì tó tún èjìká mi dì.

Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀. Ọkọ wa ti lọ sí ọjà. Ibà mú mi, mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ borí. Ìyàwó wà ní ilé ìdáná, ó ń yan gàrí. Ajá náà gbọ́ nǹkan kí èèyàn tó gbọ́. Ó sáré lọ bá ìyàwó nínú ilé ìdáná, ó fi eyín di ìró rẹ̀ mú, ó ń fà á. Ìyàwó tẹ̀ lé e síta, ìgbà náà ló gbọ́ ìró àwọn ọ̀kadà tó ń bọ̀ nínú òjò, tí wọ́n pọ̀ ju ti ẹni tó wá ra gàrí lọ. Òun àti ajá sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Ó sọ pé òun fẹ́ padà wá pè mí, ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé náà ti wọ àgbàlá. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti rí ìbọn yóò gbà á gbọ́.

Èmi ni wọ́n bá nílé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n dìde kí n máa bọ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ọ̀kan fi ìdí ìbọn gbá mi ní èjìká òsì, mo ṣubú, n kò sì dìde mọ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé n kò lè rìn. Ilé kejì ni wọ́n lọ. Èèyàn méjì ni wọ́n kó níbẹ̀. Ọ̀kan padà wá. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́, ibì kan náà ni mo máa ń parí rẹ̀ sí. Mo máa ń sọ pé, "Ajá kan ṣoṣo wà nínú ilé, èèyàn méjì wà níbẹ̀. Olówó rẹ̀ ló lọ pè." Àwọn tó ń gbọ́ á sì mi orí.

Ó ti di ọdún mẹ́ta. A kò padà sí abà mọ́. Òmù-Àrán ni à ń gbé báyìí, yàrá mẹ́ta nínú ilé olókè kan, tèmi àti ti ìyàwó kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín. Ọkọ wa ń ro ilẹ̀ kékeré kan létí ìlú, ìyàwó ń ta gàrí tí a kò yan fúnra wa. Èjìká mi kò gbé nǹkan wúwo mọ́. Tí ọ̀kadà kan bá kọjá tí sàléńsà rẹ̀ ti bàjẹ́, tó ń pariwo, màá bá ara mi lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n tó mọ̀ pé mo dùbúlẹ̀. Ìkọ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo ní. Mo máa ń fi ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tún máa ń padà lọ fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Ajá náà bá wa wá, ó wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó nínú ọkọ̀ tó kó ẹrù wa. Ẹnu ọ̀nà ìyàwó ló sì ń sùn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni láti ẹnu ọ̀nà mi dé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀. Tí nǹkan bá tún dé, òun ni ajá yóò kọ́kọ́ jí. Èmi yóò tún jẹ́ ẹnìkejì. Mo fẹ́ kí ajá yẹn jẹ́ tèmi, kódà kó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn nínú ilé yẹn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni yóò gbọ́ pé obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ń jowú nítorí ajá?

Mo gbìyànjú. Mo ra pọ́ńmọ́ fún un. Mo se orí ẹja, mo yọ ẹ̀gún rẹ̀. Ajá kò kọ oúnjẹ. Á jẹ ẹ́ tán, á fi imú kan ọwọ́ mi bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, á sì kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì.

Nígbà tó yá, ó darúgbó. Ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì. Àyàfi tí èèyàn bá fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀ ni yóò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Imú nìkan ló kù fún un. Aṣọ àǹkárá àtijọ́ kan ti ìyàwó, tó ti ya ní ẹ̀gbẹ́, ló ń sùn lé. Mo wo aṣọ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀ kí èrò náà tó wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ kan tí ìyàwó lọ sí ọjà, tí ajá lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbé aṣọ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà tèmi. Mo wọlé, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, mo ń wò. Ajá náà wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dé ibi tó máa ń dé, ó gbọ́ òórùn ilẹ̀, ó dúró. Ó yí ká. Ó tún yí ká. Ó wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, imú rẹ̀ ń kan sìmẹ́ǹtì, títí ó fi dé orí aṣọ náà. Ó kérora, ó sì dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi.

Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó dé, ó sọ igbá gàrí kalẹ̀, ó wo ajá, ó wo aṣọ, ó wo ilẹ̀kùn mi. "Ó ti kó lọ ilé tuntun nìyẹn," ló sọ. Ó fo ajá náà kọjá láti wá kí mi kú ilé.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi sùn bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é rí. Ìkọ́ ilẹ̀kùn mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ń fi ọwọ́ kàn wọ́n. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ajá náà ti wá mọ̀ mí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó kó aṣọ ilé, ó fọ̀ wọ́n, ó sì fọ aṣọ ajá pọ̀ mọ́ wọn. N kò rò pé ó ní nǹkan kan lọ́kàn. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a, ó gbẹ. Èmi fúnra mi ni mo ká a lórí okùn tí mo tún tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà mi. Ajá náà wá, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó gbé ara rẹ̀ kúrò. Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyàwó, ó sì dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lásán.

Ìyàwó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i. Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Èmi ì bá rẹ́rìn-ín. Ó kàn sọ pé, "Ọṣẹ ni, Màmá. Ọṣẹ ló ń run," ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò bá ajá náà sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni kókó yọ ní abẹ́ ikùn rẹ̀, ó sì ń tóbi. Kò lè dìde mọ́. Ó ń tọ̀ sára, ìyàwó ń nù ún. Ó máa ń ké lọ́sàn-án, igbe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ilẹ̀kùn tí kò lépo. Àwọn ará àdúgbò sọ pé kí a tà á fún àwọn tó ń bọ Ògún kó tó gbẹ tán. Ìyàwó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran, ó sì mú dókítà wá.

Ọmọbìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ọmọ mi kejì lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì tún kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Ọdún mélòó ni, mà?"

"Ọdún mẹ́tàlá," ni ìyàwó wí.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ gan-an. Ajá kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Oògùn tí mo bá fún un máa kàn fi kún ìrora ẹ̀ ni. Ó ní abẹ́rẹ́ tí a lè fún un, á sùn. Ìkejì á tẹ̀ lé e, á sì lọ. Kò ní mọ̀."

Ọkọ wa tó jókòó sórí àpótí gbé fìlà sẹ́yìn. "Ṣé wọ́n ní irú abẹ́rẹ́ yẹn fún èèyàn?"

"Rárá o, Bàbá."

"Èmi tí mo ti ń gbàdúrà fún un láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ajá ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí dókítà wá ní ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ méjèèjì tó kù, ìyàwó kò lọ sí ọjà. Ó jókòó ti ajá náà láti òwúrọ̀, ó ń lé eṣinṣin, ó ń fi òwú tó rin sínú omi nu ẹnu rẹ̀. Mo ń kọjá, mo ń bọ̀. Mo ń rántí ọ̀sán tí èmi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá mi ní abà, tí omi òjò ń gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n já wọlé, tí kò sí ẹni tó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òtítọ́ ni pé ìyàwó ló kọ́kọ́ jáde láti inú oko wá gbé orí mi. Òtítọ́ ni pé òun ló ń fún mi ní ẹ̀kọ fún oṣù méjì. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, mo wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jowú ajá fúnra rẹ̀.

Dókítà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gun ọ̀kadà, àpò rẹ̀ wà láyà. Ó to nǹkan rẹ̀ sórí páálí. Ó ní, "Ẹni tó mọ̀ jù ni kó di orí ẹ̀ mú. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, ara ẹ̀ á le, á dùn ún."

Mo ti dìde kí n wọlé ti ilẹ̀kùn mi. Ìyàwó ní, "Mi ò lè dì í mú. Tí mo bá ń sunkún, ẹ̀rù á bà á. Ẹ jẹ́ kí Màmá dì í mú."

"Èmi?" ni mo wí. "Ajá yìí ò mọ̀ mí."

"Ó mọ̀ yín."

"Ó mọ̀ mí níbo? O ò rí i nígbà tí o fọ aṣọ ẹ? Ìyàwó, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò."

Ìyàwó fi ìka nu ojú. Ó wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin ló kọ́kọ́ wá pè lọ́jọ́ yẹn."

Ọkọ wa gbé orí sókè.

"Mo wà nídìí ààrò," ló wí. "Mò ń wò ó nínú òjò. Ẹnu ọ̀nà yín ló kọ́kọ́ lọ. Ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn, ó ń ha á, ó ń ha á. Mo gbọ́ tí ẹ ní kó kúrò níbẹ̀. Ẹ ju nǹkan lu ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ló tó wá bá mi."

Dókítà ń wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà á.

Bàtà ni. Bàtà sílípáàsì mi ti ẹsẹ̀ òsì. Mo rò pé òjò ló ń sá fún, pé ó fẹ́ wá fi ẹrẹ̀ kún ilẹ̀ yàrá mi. Mo pòṣé, mo ní, "Lọ bá olówó ẹ," mo sì ju bàtà náà. Mo gbọ́ nígbà tí èékánná rẹ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ ìtàn yẹn fún oríṣiríṣi èèyàn, n kò fi bàtà kún un lẹ́ẹ̀kan rí. N kò lè sọ pé mo gbàgbé. Mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ilé ìdáná, níbi tí n kò sí.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?" ni mo bi í. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Ẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà yẹn."

"Lẹ́yìn àìsàn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo rí i pé inú tó ń bí yín sí ajá ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ dìde láàárọ̀." Ó fa imú. "Mo ní kí n má gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó tún ti borí mi. A ti jà lórí omi, lórí okùn aṣọ, lórí ẹni tí Bàbá yóò jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí òkúta, kò jù ú. Mo jowú sùúrù rẹ̀ nígbà náà ju bí mo ṣe jowú ajá rẹ̀ lọ.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo gbé orí ajá náà lé itan mi. Ọrùn rẹ̀ le gbagidi, imú rẹ̀ ń wá kiri, ó ń yí sí ibi tí ìyàwó dúró sí. Mo sọ fún dókítà pé, "Ẹ wò ó? Mo sọ fún yín."

Ìyàwó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀. "Ẹ fi èyí tẹ́ itan," ló wí.

Mo gbà á. N kò ní sẹ́ ẹ, ó nira láti gbà á. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo sì gbé orí ajá padà lé e. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ó mí èémí gígùn kan jáde sí mi lápá.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, mà," ni dókítà wí. "Ẹ pe orúkọ ẹ̀ sí i létí."

Mo wo ìyàwó. Ìyàwó wo ibòmíràn. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi yẹra fún ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tẹ orí ba, mo fi ẹnu kan etí rẹ̀ èyí tó máa ń dúró, mo sì pè é bí olówó rẹ̀ ṣe ń pè é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ wa wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Etí náà mì. Ìrù rẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

N kò mọ̀ bóyá èmi ló dá lóhùn tàbí ìborùn. Mo ti rò ó títí. Mo tún pè é, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i nípa bàtà, tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti wọlé. Orí rẹ̀ wúwo lórí itan mi bí iṣu. Nígbà tí dókítà fún un ní ìkejì, ọwọ́ mi wà ní àyà rẹ̀, níbi tó funfun yẹn. Mo mọ ìgbà tó dúró. Mo mọ̀ ọ́n kí dókítà tó sọ ọ́, kí ìyàwó tó mọ̀ ọ́n.

Ọkọ wa gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, onílé ti gbà wá láàyè. Mo ká ìborùn náà láti dá a padà, ìyàwó ní kí n fi sin ín. Àǹkárá tó ti ya nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣì ń run ọṣẹ.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ń ya wá kí ìyàwó. "Ẹ kú àmójúkúrò. Ẹ kú ìrọ́jú ajá yín." Àwọn tó ní kó ta á wà lára wọn. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó kí mi. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Mo gbé e mì.

Ìrọ̀lẹ́ ń lẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan ìkọ́ ilẹ̀kùn mi. Ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Mo padà sí àkọ́kọ́. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí nǹkan ní ẹnu ọ̀nà mi, kò sí nǹkan ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyàwó ń gbá ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́ ìró irin.

"Màmá," ló wí, "ta ló máa jí wa báyìí?"

"Mi ò mọ̀."

Ó gbálẹ̀ díẹ̀ sí i. "Oorun mi fúyẹ́," ló wí. "Tí mo bá gbọ́ nǹkan, èmi ni màá wá ha ilẹ̀kùn yín."

"O ṣeun."

"Ẹ má ṣáà ju bàtà lù mí."

Mo fẹ́ bínú. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ẹ̀gàn níbẹ̀, àárẹ̀ ni mo rí. "Tó bá jẹ́ pé òjò ń rọ̀," ni mo dá a lóhùn, "mi ò ṣèlérí."

Ọkọ wa pariwo láti inú yàrá rẹ̀ pé kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí a sin òkú. Mo wọlé, mo fi ìkọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún ṣí i, mo kó bàtà mi méjèèjì síta, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ọwọ́ mi kò ti lè tó wọn láti orí ibùsùn.